Pọ́ńpù tí Mo Tún Ṣe Létíkun Gáńbíà

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Abẹ́òkúta, ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kútọ̀ á ní, "Múfú, kí lo kó bọ̀?" Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa á sì ní, "Ṣé wọ́n gbà ọ́ dáadáa?" Ti àkọ́kọ́ kò ṣòroó dáhùn, nítorí báàgì kan náà tí mo gbé lọ ni mo gbé bọ̀. Torí ti èkejì ni mo ṣe jókòó kọ èyí sílẹ̀. Wọ́n gbà mí dáadáa. Wọ́n gbà mí ju bó ti yẹ lọ.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ afàmi ni mo kọ́. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ta ìkòkò àti abọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi kò bá ọjà mu, irin ló bá mu. Kò sí àdúgbò tí n kò ti tún pọ́ńpù ṣe láti Ìbarà dé Adátán. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ tí mo wà lọ́nà Èkó kógbá wọlé, mo sì jókòó sílé fún odidi ọdún kan. Ọ̀gá mi àtijọ́ ló pè mí lórí fóònù pé ilé-iṣẹ́ kan létíkun ní Gáńbíà ń wá ẹni tó mọ pọ́ńpù. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ẹja." Mo rò pé inú agolo ni wọ́n ń dì í sí.

Ìyàwó mi, Sìdíkátù, di ìrẹsì Ọ̀fàdà sínú báàgì mi. Ó ní, "Ẹni tó bá gbà yín sílé, ẹ sè é fún un."

*Òkun lápá òsì*

N kò ní fi wàhálà ojú ọ̀nà dá yín lágara. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi rìn ín, a sì sọdá ẹnubodè tí n kò lè kà mọ́. Ohun tí mo rántí jù ni òkun. Ó wà lápá òsì wa ní Kútọnu, ó tún wà níbẹ̀ ní Lómẹ́, ó wà níbẹ̀ ní Àkrá. Lọ́pọ̀ ibi tí a dé, òkúta ni wọ́n ń tò sí etí rẹ̀ kó má baà jẹ ìlú.

Awakọ̀ wa, ará Tógò kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dá ọkọ̀ dúró níbì kan kí a lè tọ̀. Ó na ọwọ́ sí ojú omi, ó ní, "Ilé ìyá mi nìyẹn." Mo rò pé erékùṣù ló ń fi hàn mí. Mo wò títí. Kò sí erékùṣù. Omi nìkan ló wà níbẹ̀.

*A dé*

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. A ò tíì rí ilé, a ò tíì rí òkun, tí gbogbo èrò ọkọ̀ fi ń fi aṣọ bo imú. Kì í ṣe òórùn ẹja tí a mọ̀ lọ́jà Láfẹ́nwá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn se ẹja jíjẹrà nínú ìkòkò ńlá tó sì gbàgbé rẹ̀ lórí iná. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé kí ló kú. Ó ní, "Kò sí ohun tó kú. Ilé-iṣẹ́ ni."

Ilé-iṣẹ́ náà kò ní ibùgbé fún òṣìṣẹ́. Ilé àwọn ará ìlú ni wọ́n ń fi àlejò wọ̀ sí. Wọ́n mú mi lọ sí agbo ilé opó kan tó ń yan ẹja tà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, èéfín ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí mo ti rí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ́. Obìnrin náà figbe ta. Ó rò pé òòyì ló gbé mi ṣubú! Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sáré jáde pẹ̀lú omi nínú ife. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kíkí ni mo ń kí ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi inú ife fi dànù. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ sọ fún mi pé Ọlọ́run nìkan ni à ń forí balẹ̀ fún, kí n dìde, kí n wá jẹun.

Làmín ni orúkọ ọmọ náà. Apẹja ni, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta ló ń gbé nínú agbo ilé yẹn. Mo wá ń pe ìyá náà ní Ìyá Làmín bí a ti ń ṣe nílé wa. Nígbà tó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó gbà á. Làmín ń pe èmi ní "Kótò", ìyẹn ẹ̀gbọ́n lédè wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó bá ti pè mí báyìí, ìdíkọ̀ Kútọ̀ ni mo máa ń rántí.

*Ọpọ́n kan ṣoṣo*

Lọ́dọ̀ wọn, ènìyàn kì í dá jẹun. Ọpọ́n ńlá kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja àti tòmátì sè ló máa ń kún inú rẹ̀, gbogbo ilé á sì yí i ká. Iwájú rẹ nìkan ni wàá ti bù. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ rìn kọjá. Ẹja á wà láàárín. Ìyá ilé ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a, tí á máa tì í sọ́dọ̀ ẹni tó bá wù ú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, iwájú mi ni Ìyá Làmín ń ti ẹja sí. Mo rí bí ojú àwọn ọmọ ṣe ń tẹ̀ lé e bó ti ń kọjá níwájú wọn. Mo ní kó fún wọn. Ó ní àlejò ni Ọlọ́run rán oúnjẹ sí, àwọn tó kù ń bá a jẹ ni.

Mo se ìrẹsì Ọ̀fàdà fún wọn lọ́jọ́ kan. Bí ooru rẹ̀ ti jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Làmín ní, "Kótò, ẹ má bínú, ìrẹsì yín ti bàjẹ́." Mo ní bí òórùn rẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn, òun gan-an la sì fẹ́ràn. Wọ́n jẹ ẹ́ nítorí mi. Ìyá Làmín jẹ tirẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó ní, "Bí òórùn bá ń dùn mọ́ àwọn ará ilé rẹ tó báyìí, wàá lè bá wa gbé ìlú yìí." A rẹ́rìn-ín gan-an. N kò rántí ọjọ́ mìíràn tí a rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Ààrò mẹ́fà ni obìnrin yìí fi amọ̀ mọ sẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń rú èéfín; adìẹ ti ń yé sínú méjì nínú àwọn tó kù. Ó ṣàlàyé fún mi pé tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ apẹja bá ti ń gúnlẹ̀, àwọn obìnrin á wọ omi lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú agbada lórí, olúkúlùkù á sì ra tirẹ̀. Nísinsìnyí, mọ́tò ilé-iṣẹ́ ló ń dúró létíkun, odidi ọkọ̀ kan ni wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan, àtèyí tó gbó àtèyí tí kò tó ìka. "Ta ló lè bá mọ́tò du ẹja?" ló wí.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, Làmín mú mi wọ òkun. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ṣawá máa ń sún mọ́ ilẹ̀ débi pé wọ́n á máa gbọ́ bó ṣe ń ta nínú omi láti etíkun. Àwa lọ títí ilẹ̀ fi di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn wa. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó ní kí n ki tèmi náà.

"Ó gbóná," ló wí. "Kò yẹ kó gbóná báyìí lóṣù yìí. Ẹja mọ̀ ọ́n, ó ti ń ṣí lọ síbi tó tutù."

Lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ ńláńlá mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n ga bí ilé alájà, wọ́n ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ omi. Làmín yí ojú kúrò lára wọn bí ẹni rí ọ̀tá rẹ̀ níbi ìsìnkú. Nígbà tí a fa àwọ̀n tiwa, ẹja péréte ló wà níbẹ̀, akàn kan, àti ọ̀rá: ọ̀rá omi mímu, ọ̀rá búrẹ́dì, oríṣiríṣi. Mo rántí odò Sókòrí nílé, bí gbogbo ohun tí a jù sínú gọ́tà ṣe máa ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú Odò Ògùn bí òjò bá rọ̀. N kò bi ara mi rí pé níbo ni wọ́n ń lọ. Làmín ṣa ọ̀rá náà kúrò lára àwọ̀n, ó dà á padà sínú òkun. Kò mọ ibòmíràn tí à ń dà á sí.

*Ẹ̀rọ tó kú*

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹja tútù á wọlé lápá kan, wọ́n á sè é, wọ́n á fún omi àti òróró kúrò lára rẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, á sì jáde lápá kejì ní ìyẹ̀fun nínú àpò. Ọkọ̀ òkun á gbé e lọ sí ìlú òyìnbó fún oúnjẹ adìẹ àti ẹja tí wọ́n ń sìn. Ó ṣe mí bíi kí n bèèrè pé ẹja mélòó là ń lọ̀ kí ẹja kan tó sanra. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo bá wá.

Omi tí wọ́n bá fún kúrò lára ẹja máa ń ṣàn sínú kòtò ńlá kan lẹ́yìn ọgbà. Ó pupa, ó nípọn, ó ń hó. Pọ́ńpù ẹnu kòtò náà ti kú láti oṣù méjì, kòtò sì ti fẹ́ kún àkúnya. Torí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe pè mí. Mo rí páìpù tó jáde lára rẹ̀. Mo rí i pé ó gba abẹ́ ògiri, ó rì sínú yanrìn, ó kọrí sí òkun. Mo bi ọ̀gá wa níbẹ̀.

Ó ní, "Omi ẹja ni. Ọ̀dọ̀ ẹja náà ló ń padà lọ."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: mo mọ̀. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ omi kò lè sọ pé òun kò mọ ibi tí páìpù ń lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi tú u. Èyí tó bàjẹ́ nínú irin rẹ̀ kò sí lọ́jà, mo fọwọ́ ara mi gé òmíràn dípò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà, mo tan án. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ̀n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò sí ohun tó dùn létí oníṣẹ́ irin tó bẹ́ẹ̀. Omi kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi délé. Mo sọ fún Ìyá Làmín, ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀, pé ẹ̀rọ kan tí gbogbo èèyàn ti sọ̀rètí nù nípa rẹ̀, mo jí i dìde. Kò bèèrè pé ẹ̀rọ wo. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú tòun ti gírísì ara wọn, ó sì ṣe àdúà sí wọn: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yìí rọ, kí ohun tó bá fọwọ́ kàn máa yè. Gbogbo wa ṣe àmín.

*Jímọ̀*

Lọ́jọ́ kẹta, a kírun Jímọ̀ tán, à ń wọ bàtà, la bá gbọ́ ariwo láti etíkun. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló tú jáde.

Òkun ti pọ́n bíi sóbò láti etí ilẹ̀ títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹja sùn lọ rẹrẹ lórí yanrìn, wọ́n kọ ikùn sókè, ẹnu wọn yà sílẹ̀. Kì í ṣe ṣawá nìkan. Àwọn pẹlẹbẹ tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi wà níbẹ̀, àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn, àti àwọn ọmọ ẹja tí kò ju èékánná lọ. Akàn ń sá jáde kúrò nínú omi, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n ń gun bàtà wa. N kò rí irú rẹ̀ rí, kí ohun tó jẹ́ pé omi ni ilé rẹ̀ máa sá fún omi.

Alábahun òkun kan wà láàárín wọn, ó tóbi tó tábìlì, ó ṣì ń mí. Làmín àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé e. Wọ́n gbé e tán, wọn kò mọ ibi tí wọn ó gbé e lọ. Wọ́n wo òkun, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n bá gbé e sábẹ́ igi àgbọn kan, wọ́n ń fi korobá da omi kànga lé e lórí. Ó kú kí àkókò ìrun Àsárì tó tó.

Làmín dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Oṣù méjì! Oṣù méjì lomi yìí fi mọ́, a ti ń rí ọmọ ẹja padà. Ta ló tún pọ́ńpù yẹn ṣe?"

Èmi kọ́ ló bi. Òkun ló kọjú sí.

Ìyá Làmín bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹja kan, ó tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin sì tú jáde sí i lọ́wọ́. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Nígbà tó gbójú sókè, ojú mi kọ́ ló wò. Ọwọ́ mi ló ń wò.

*Abọ́ tèmi*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo sọ fún wọn pé èmi ni. Làmín kò túmọ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó jáde lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi, òun náà ló sì túmọ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìyá bi mí:

"Ṣé o mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

Kò pariwo, kò ṣépè. Ó wọlé, ó mú abọ́ kékeré kan jáde, ó bu ìrẹsì sí i, ó fi ẹja lé e lórí, ó gbé e síwájú mi. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ yí ọpọ́n wọn ká. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò níbẹ̀, bí mo ṣe ń jẹun nìyẹn. Kò fi ebi pa mí lọ́jọ́ kan. Ẹja abọ́ mi kò dín. Ṣùgbọ́n mo ti ń jẹun láàárín èrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìró ẹnu ẹni tó ń dá jẹun lè dún tó bẹ́ẹ̀ létí ara rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sọ fún ọ̀gá wa pé n kò ní tan pọ́ńpù náà mọ́. Kò bá mi jà. Ó pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní kó tẹ bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́, pọ́ńpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ti tún un ṣe dáadáa jù. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè lò ó. Wọ́n ní kí n máa lọ.

N kò rí ọkọ̀ ojú ọ̀nà jíjìn wọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà mo ṣì wà nílùú nígbà tí àwọn apẹja lọ fi àwọ̀n gbígbó àti sìmẹ́ǹtì di ẹnu páìpù náà pa lásìkò tí omi fà sẹ́yìn. Làmín ló ṣáájú wọn. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo tẹ̀ lé wọn. Ó gba ṣọ́bìrì náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé-iṣẹ́ ti so páìpù mìíràn mọ́ pọ́ńpù náà, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ sì wà níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè dé.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Ìyá Làmín di ẹja yíyan sínú bébà fún ìyàwó mi. Ó ní kí n sọ fún un pé àwọn jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ àṣà wọn: ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́. Àṣìṣe ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ó lè di dandan pé kí onítọ̀hún padà wá kí wọ́n tún un bọ̀ bó ti yẹ.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Ìyá Làmín nà sí mi.

*Ìbarà*

Sìdíkátù fi ẹja náà se ọbẹ̀. Ó ní òun kò rí ẹja yíyan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní mo ti yó. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, kànga ẹ̀rọ níhìn-ín, kànga ẹ̀rọ lọ́hùn-ún. Oṣù márùn-ún kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn, èmi náà kò sì ní ìgboyà láti pè.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo wà lẹ́yìnkùlé ẹnì kan ní Ìbarà, mo ń fa páìpù jáde nínú kànga, fóònù mi dún. Làmín ni. Ó kí mi, ó kí ìyàwó mi, ó kí iṣẹ́, ó kí òjò. Mo bi í nípa òkun. Ó ní òun ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹja ti jìn ju ohun tí epo ẹ́ńjìnnì lè gbé wọn dé lọ. Ó ní ìyá òun ti wó ààrò márùn-ún, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ ti gba òun síṣẹ́.

Mo ní, "Iṣẹ́ wo?"

Ó ní, "Tiyín."

Mo gbé páìpù ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Kótò," ló wí, "pọ́ńpù yẹn ń ké bí ẹni ń lọ òkúta. Wọ́n ní bó bá dákẹ́, kí n má wá mọ́. Níbo ni kí n ti mú un?"

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ níbi tí mo wà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jẹ́ kó kú. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń jà sí nǹkan kan, mo sì mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Pa á ná. Tú ìdérí ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì méjì wà lápá òsì, yí wọn kí wọ́n le. Bó bá ṣì ń ké, bẹ́ẹ̀rìnnì ni. Fi gírísì sí i, má fi epo." Ó ń tún un sọ tẹ̀ lé mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé.

Mo wá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó ń bèèrè pé ta nìyẹn. Èdè wọn tí mo gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn. Làmín gbé fóònù kúrò lẹ́nu díẹ̀ kó tó dá a lóhùn, mo sì gbọ́ ohun tí òun náà sọ.

Ó ní, "Ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ ni."